Rìpítà Tí Ohùn Rẹ̀ Dé Òkèèrè Tí Etí Rẹ̀ Sì Di: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Kan ní Houston

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí rìpítà GMRS kan, ìyẹn ẹ̀rọ rédíò tí ń gba ohùn tí ó sì ń tún un sọ jáde, tí àwọn ìdílé Yorùbá mélòó kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, gbé ró kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí iná àti fóònù bá dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tan ẹ̀rọ náà ni ohùn rẹ̀ ti ń dún ketekete dé Sugar Land àti Missouri City, àwọn ìlú tí ó wà nítòsí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ọ dáadáa ní ibẹ̀ kò lè gba inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn gbọ́ wọn. Èmi ni wọ́n pè láti wá wò ó. Mo kọ ohun tí a rí sílẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ nítorí pé àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára rìpítà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, àti nítorí pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ṣe sí i gan-an ni ó máa ń dá kún un.

Ìjì líle Beryl ni ó mú wọn ronú kan rìpítà. Ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024 ni ìjì náà gúnlẹ̀ sí etíkun Texas nítòsí Matagorda, tí ó sì já wọ Houston. Àwọn ilé àti ilé iṣẹ́ tí iná wọn lọ lé ní mílíọ̀nù 2, àwọn mìíràn kò sì rí iná fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nínú ooru oṣù Keje tí kì í ṣe ohun àmúṣeré. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù náà di ségesège. Nínú àwọn ìdílé tí mò ń sọ yìí, ìyá àgbà kan wà tí ó ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn ní ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù kò sì lè mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ ilé náà ṣì ń ṣiṣẹ́ àfi bí ẹnì kan bá wa mọ́tò gba àárín igi tí ó wó dí ọ̀nà kọjá lọ wò ó. Nígbà tí iná padà dé, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ní Alief, àdúgbò kan ní Houston, sọ pé òun kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún bá wọn lójijì mọ́, ó sì ra rédíò fún gbogbo ilé.

Kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ, ó yẹ kí n sọ nípa òfin, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá iṣẹ́ láti ṣe. GMRS jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò rédíò ara ẹni tí FCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìgbì rédíò, ń bójú tó ní Amẹ́ríkà. Kò sí ìdánwò nínú gbígba ìwé àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 18 yóò san dọ́là 35, ìwé náà yóò sì wà fún ọdún 10. Ìwé àṣẹ ẹnì kan bo ọkọ tàbí aya rẹ̀, ọmọ, ọmọ-ọmọ, òbí, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bí, àti àwọn àna. Fún àwa Yorùbá, ìwọ̀n yìí fẹ̀ tó láti kó agbo ilé kan jọ, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ó ti dúró: àwọn ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni bí kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìjọ àti àwọn ará ìlú kan náà tí a ń pè ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kò sí nínú rẹ̀ rárá. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún wọn pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba ìwé tirẹ̀, wọ́n sì gbà á. Òfin fi àyè sílẹ̀ kí a sọ Yorùbá lórí rédíò náà, ṣùgbọ́n orúkọ ìdánimọ̀ tí FCC fún ẹni gbọ́dọ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Morse (àmì ìró kúkúrú àti gígùn tí ó dúró fún lẹ́tà), lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 bí ọ̀rọ̀ bá gùn, àti nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Orin kò tọ́ lórí rẹ̀. Èyí dun àwọn ìyá tí wọ́n ti ń gbèrò láti máa dá orin àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ni, a sì fi àdúrà nìkan rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe kó irú rédíò bẹ́ẹ̀ lọ sílé kí ó máa lò ó bí ó ti ń lò ó ní Houston, nítorí pé ìwé FCC kò ní agbára kankan ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ rìpítà ni pé kí ó gbọ́ ohùn tí kò lágbára láti ibi gíga, kí ó sì tún un sọ jáde lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ ju ti ẹni tí ó sọ ọ́ lọ. Ilẹ̀ Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kò sí òkè tí ènìyàn lè gbé áńtẹ́nà lé, ilé àti igi ni ó sì kún gbogbo rẹ̀. Wọ́kì-tọ́kì méjì tí a mú lọ́wọ́ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè má gbọ́ra ju kìlómítà 2 lọ. Ẹ̀gbọ́n náà fi irin ri ọ̀pá tí ó ga tó mítà 12 mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ alájà méjì, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ti fọwọ́ sí i, ó sì gbé áńtẹ́nà sí orí rẹ̀. Láti mítà 12, ibi tí ìgbì rédíò ti ń bá ilẹ̀ pàdé tó nǹkan bí kìlómítà 14 bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Rédíò ọkọ̀ méjì ni ó so pọ̀ nínú gáréèjì, ọ̀kan fún gbígbọ́, èkejì fún sísọ ní wáàtì 25, pẹ̀lú duplexer alápòótí 6 (àsẹ́ tí ń jẹ́ kí rédíò méjèèjì lo áńtẹ́nà kan náà) láàrin wọn àti áńtẹ́nà kan ṣoṣo, àti bátìrì lithium oní 100 Ah tí yóò gbé e bí iná bá lọ. Ìkànnì 17 ni wọ́n yàn lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ́tí sí gbogbo ìkànnì mẹ́jọ tí òfin fi sílẹ̀ fún rìpítà, tí wọ́n sì rí i pé èrò kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé rìpítà ń sọ̀rọ̀ jáde lórí 462.600 MHz, ó sì ń gbọ́ lórí 467.600 MHz, MHz 5 gééré sókè, pẹ̀lú tone 146.2 Hz, ìyẹn ìró kékeré kan tí rédíò ń fi sábẹ́ ohùn, tí kì í jẹ́ kí ó dá ohùn àjèjì lóhùn.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sílẹ̀ fún mi pọ̀, wọ́n sì ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ gbólóhùn kan pé rìpítà kò dára. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ilé kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí òun gbọ́ gan-an, ibi tí ó wà, àti irú rédíò tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́. Bí a ti ń kọ ọ́ ni ó ń pín ara rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbọ́ rìpítà ṣùgbọ́n tí kò tilẹ̀ dá wọn lóhùn rárá, kódà bí wọ́n bá dúró sí iwájú gáréèjì. Ti àwọn wọ̀nyí kò le. Ìkànnì 17 lásán ni rédíò wọn wà, ibi tí rédíò ti ń gbọ́ tí ó sì ń sọ lórí 462.600 kan náà. Wọn kò lọ sí ìkànnì rìpítà rẹ̀, èyí tí àwọn olùṣe rédíò máa ń kọ ní 17R tàbí RP17, tí àwọn mìíràn sì ń ka sí ìkànnì 25. Ẹnì kan wà ní ìkànnì tí ó tọ́ ṣùgbọ́n tí kò fi tone sí ìhà sísọ, ìhà gbígbọ́ nìkan ni ó fi í sí. Ìdílé kan sì ra rédíò FRS (wọ́kì-tọ́kì kékeré tí kò nílò ìwé àṣẹ) aláwọ̀ mèremère tí a ń tà ní méjì-méjì ní ilé ìtajà; àwọn yẹn kò lè wọ rìpítà láéláé, nítorí pé òfin kò fún wọn ní ìgbì tí rìpítà fi ń gbọ́ràn, agbára wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju wáàtì 2 lọ. Ilé kan tún wà tí ohùn wọn ń wọlé ṣùgbọ́n tí ó kéré tí ó sì jìn. Rédíò wọn ni a ti ṣètò sí bandwidth (ìbú ìgbì tí ohùn ń gbà) tóóró nígbà tí rìpítà wà ní fífẹ̀. Gbogbo èyí ni a tún ṣe lórí tábìlì oúnjẹ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan, a sì tẹ ètò kan náà sínú gbogbo rédíò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọwọ́ yí i mọ́.

Èyí tí ó kù ni ìṣòro gidi. Àwọn ará Sugar Land àti Missouri City, tí ètò rédíò wọn pé pérépéré, ń gbọ́ rìpítà bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì, ṣùgbọ́n bí àwọn bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan a jáde, ìdákẹ́jẹ́ a tẹ̀lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn a tún jáde, ìdákẹ́jẹ́ a tún dé. Ẹ̀gbọ́n náà ti fi owó sílẹ̀ láti ra ẹ̀rọ tí yóò gbé agbára dé wáàtì 50, èyí tí òfin gbà láàyè.

Ó ní, "Àbúrò, ṣé kí n kúkú rà á lónìí, kí ẹ lè bá mi so ó mọ́ ọn kí ẹ tó lọ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó yín pamọ́ ná. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbé rìpítà ró dì mú. Rìpítà ń sọ̀rọ̀ ó sì ń gbọ́ràn ní àkókò kan náà, láti ara áńtẹ́nà kan náà. Ohùn tí kò lágbára jù tí ìhà gbígbọ́ lè mú kéré débi pé wáàtì 25 tí ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi nǹkan bí mílíọ̀nù 20 lọ́nà bílíọ̀nù 1 pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹni tí ń fi gbogbo ẹnu kígbe kò ti lè gbọ́ ohun tí ọmọ kékeré ń sọ sí i létí, bẹ́ẹ̀ ni rìpítà rí bí kò bá sí ohun tí ó ya ẹnu rẹ̀ nípa kúrò lára etí rẹ̀. Duplexer ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìyànípa náà, ọ̀nà méjì ni ó sì gbà ń ṣe é: ó ń dí 462.600 lọ́nà kí agbára tí ń jáde má baà ya wọ inú ẹ̀rọ tí ń gbọ́, ó sì ń gé ariwo tí ẹ̀rọ tí ń sọ máa ń tú sórí 467.600 kúrò kí ó tó dé áńtẹ́nà. Èkejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Rédíò kankan kò mọ́ débi pé orí ìgbì rẹ̀ nìkan ni yóò ti sọ̀rọ̀. Ariwo díẹ̀ máa ń tàn ká ọ̀tún àti òsì rẹ̀, díẹ̀ náà sì tó láti bo ohùn wọ́kì-tọ́kì tí ń bọ̀ láti Sugar Land. Bí a bá wá sọ wáàtì 25 di 50, ohùn tí ó ti dé ibi tí ó ń dé tẹ́lẹ̀ yóò túbọ̀ lágbára, etí náà yóò sì túbọ̀ di.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde ní gígé-gígé fi èyí hàn kedere. Rìpítà gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ ni etí rẹ̀ di, kò gbọ́ nǹkan mọ́, ó sì dúró lórí afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tí a ṣètò fún ìrù rẹ̀, ìyẹn àkókò tí ó fi ń dúró lẹ́yìn tí kò bá gbọ́ ohùn mọ́; nígbà tí ìrù náà parí tí ó sì dákẹ́, etí rẹ̀ là padà, ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó tún di.

Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, a rán ọmọ ẹ̀gbọ́n náà ọkùnrin lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní ẹ̀bá Sugar Land, a ní kí ó fi wọ́kì-tọ́kì sí agbára kékeré, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó sì máa kà á lọ: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, kí ó má dúró. A jókòó sí gáréèjì, a pa ẹ̀rọ tí ń sọ, a sì yí ohùn ẹ̀rọ tí ń gbọ́ sókè. Ohùn ọmọ náà wọlé, pẹ̀lú ìhó díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì pé. Mo tan ẹ̀rọ tí ń sọ. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ìhó náà ru bo gbogbo rẹ̀. "Èjì" lọ, "ẹ̀ta" lọ, a gbọ́ ìparí "ẹ̀rin" fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan mọ́ àfi ariwo bí ó ti ń pọ̀ tí ó sì ń ta pàrà. Mo pa á, ọmọ náà ti dé "ẹ̀wá" ó sì ń kà á lọ ní tirẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́ bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n wò mí, kò tún sọ̀rọ̀ nípa wáàtì 50 mọ́.

Mímọ̀ pé etí di kò tíì sọ ohun tí ó dí i. Ó lè jẹ́ pé àpótí rédíò méjèèjì ń jò sí ara wọn, ó lè jẹ́ duplexer, ó sì lè jẹ́ kébù tàbí áńtẹ́nà. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí a yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Mo kọ́kọ́ já ẹ̀rọ tí ń sọ kúrò lára duplexer, mo so ó mọ́ dummy load, ìyẹn àpótí tí ń gba agbára rédíò mọ́ra tí ó sì ń sọ ọ́ di ooru láì jẹ́ kí ó bọ́ sójú afẹ́fẹ́. Mo sì fi ẹ̀rọ tí ń gbọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohùn ọmọ náà kò yí padà bí mo ti ń tan ẹ̀rọ náà tí mo ń pa á. Nítorí náà kò sí jíjò láàrin àpótí méjèèjì. Lẹ́yìn èyí mo dá ẹ̀rọ náà padà sára duplexer, mo gbé dummy load lọ sí ojú ibi tí kébù áńtẹ́nà ti ń wọlé, mo sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ń dá ìgbì sílẹ̀ ran ohùn tín-ín-rín sí i. Etí ṣì di, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pípàrà tí a gbọ́ tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Èsì méjì ni èyí fún wa: duplexer jẹ̀bi, nǹkan mìíràn sì tún wà lóde tí ń pàrà.

Ẹni tí ó ta duplexer náà sọ pé òun ti yí i sí ìgbì tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí mo so ó mọ́ VNA (ẹ̀rọ tí ń wọn bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba inú nǹkan kọjá), tí mo sì fi lóòdù ohm 50 dí ojú kẹta rẹ̀, a rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí 3 ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gbẹ́ kòtò kan sójú ìlà tí VNA ń yà. Nínú ìhà tí ń sọ, ó yẹ kí kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ sórí 467.600. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó sún mọ́ ibẹ̀. Méjì tí ó kù wà ní ìsàlẹ̀ 467, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn. Ìyànípa tí a rí níbi tí a nílò rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dB 50 lọ, nígbà tí irú duplexer yìí yẹ kí ó fúnni ní dB 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má ka ìyàtọ̀ yìí sí kékeré: dB 50 dín agbára kù ní ìlọ́po 100,000, dB 80 dín in kù ní ìlọ́po mílíọ̀nù 100. Ìyànípa tí ó tún kù lẹ́yìn dB 80 ni ẹ̀rọ tí ń gbọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú àwọn àsẹ́ inú rẹ̀.

Yíyí duplexer gba sùúrù ju ọgbọ́n lọ. Ìdè àpótí kọ̀ọ̀kan (irin tí a ń yí láti sún kòtò rẹ̀) ní nọ́ọ̀tì tí ó tì í pa, bí a bá tú u pátápátá kí a tó yí ìdè, tí a sì wá fún un nígbà tí kòtò ti jókòó dáadáa, fífún náà yóò tún ti kòtò kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí nọ́ọ̀tì fún díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìdè máa yí pẹ̀lú agídí, kí a sì gbé kòtò kọjá ibi tí a fẹ́ díẹ̀, kí fífún ìkẹyìn lè fà á padà sójú rẹ̀. Mo kó kòtò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìhà tí ń sọ sórí 467.600, mo sì kó ti ìhà tí ń gbọ́ sórí 462.600. Ìṣòro tí ẹni tí ó bá ń lo VNA kékeré alápò yóò bá pàdé níbí ni pé ìsàlẹ̀ kòtò yóò rì sínú ariwo VNA náà fúnra rẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Láti ibẹ̀ lọ, mo yọ VNA, mo fi ẹ̀rọ tí ń dá ìgbì ran 467.600 wọ ojú kan, mo so rédíò tí ń gbọ́ mọ́ ojú kejì, mo sì ń yí ìdè títí ohùn náà fi kéré dé ibi tí kò lè kéré mọ́. Etí ènìyàn àti rédíò tí ó gbọ́ràn dáadáa ṣì ń rí ohun tí VNA olówó pọ́ọ́kú kò rí.

Nígbà tí a dá a padà sídìí rẹ̀, wáàtì 25 wọ inú duplexer, nǹkan bí wáàtì 19 ni ó sì ń jáde ní ojú áńtẹ́nà. Èyí kọ ẹ̀gbọ́n lóminú. Mo ṣàlàyé fún un pé dB 1.2 tí duplexer gbà yẹn ni owó tí a san fún etí tí ó là, àti pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ní Sugar Land pé wáàtì 6 dín. Pẹ̀lú dummy load ní ojú áńtẹ́nà, ohùn tín-ín-rín kò yí padà rárá bí a ti ń tan ẹ̀rọ tí ń sọ tí a ń pa á.

A wá so áńtẹ́nà padà. Ọmọ náà tún ka nọ́ńbà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo rẹ̀ sì wọlé, ṣùgbọ́n pípàrà tí a gbọ́ ní àkọ́kọ́ padà dé, ó ń wá ó ń lọ. Mo na ọwọ́ sí kébù níbi tí ó ti gba ara ògiri jáde, mo gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Pàrà. Mo tún gbọ̀n ọ́n. Pàrà-pàrà. Bí a bá pa ẹ̀rọ tí ń sọ, a lè gbọn kébù náà bí ó ti wù wá, kò sí nǹkan kan.

Kébù náà kò bàjẹ́, ẹni tí ó bá wọn SWR rẹ̀ (ìwọ̀n tí ń fi hàn bí agbára ṣe ń ta padà láti ara kébù àti áńtẹ́nà) yóò rí 1.3, yóò sì sọ pé ó dára. Ìṣòro rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, bébà aluminiọ́mù ni ó yí i ká, okùn kọ́pà tí a fi tánganran bò ni wọ́n sì hun lé e lórí. Irin méjì tí kò bá ara tan ni wọ́n, wọn kò lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n kàn ń fara kan ara ni. Nígbà tí agbára wáàtì 19 bá ń gba ibẹ̀ kọjá tí atẹ́gùn sì ń mì kébù náà, ojú ibi tí wọ́n ti fara kàn ń pàdé ó sì ń yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tú ariwo jáde lórí ìgbì púpọ̀, títí kan 467.600. Fún rédíò tí ń sọ kí ó tó gbọ́, kébù yìí dára púpọ̀, mo sì ń lò ó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún rìpítà tí ń ṣe méjèèjì pọ̀, mi ò ní fi í sí i. Ní àfikún, àwọn ìsopọ̀ tí wọ́n fi mú kébù dé duplexer ti di ọ̀kan lórí èkejì, ọ̀kan ń yí irú ẹnu kan padà sí òmíràn.

A pààrọ̀ rẹ̀ sí hardline ìdajì ínǹṣì, ìyẹn kébù líle tí ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kọ́pà kan ṣoṣo tí a ká ní wíwú-wíwú, tí kò ní okùn híhun kankan. Ẹnu ìsopọ̀ irú N ni a fi sí i ní ìhà méjèèjì láìsí ìsopọ̀ mìíràn, a sì fi kébù kúkúrú alókùn méjì tí a fi fàdákà bò so duplexer mọ́ àwọn rédíò. A fi rọ́bà tí ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ di ẹnu tí ó wà lóde kí òjò Houston má baà wọ inú rẹ̀, a sì so ẹ̀rọ adènà àrá àti ọ̀pá náà mọ́ wáyà ilẹ̀ ilé. Lẹ́yìn èyí mo gbọn hardline náà, mo lu ọ̀pá, kò sí pàrà.

Ní báyìí, wọ́kì-tọ́kì láti inú ilé ń wọlé dáadáa láti ibi púpọ̀ jù ní Sugar Land àti Missouri City, ìyá àgbà náà sì ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀. A fi ìdádúró ìṣẹ́jú 3 sí i kí ẹni tí ó bá jókòó lé bọ́tìnì rédíò rẹ̀ láìmọ̀ má baà dí gbogbo ilé lọ́nà. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìdílé tí ó ju ọ̀kan lọ ni ó ń lo rìpítà, òun fúnra rẹ̀ ń fi Morse sọ orúkọ ìdánimọ̀ rẹ̀. Ní ti bátìrì, ẹ̀rọ náà ń gba nǹkan bíi 0.7 A nígbà tí ó dákẹ́ àti 7 A nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Bí sísọ̀rọ̀ kò bá ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò lọ, 100 Ah yóò gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Beryl ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, nítorí náà ni ẹ̀gbọ́n náà ṣe ń wá sólà tí yóò máa kún un.

Ìdílé tí ó wà ní Katy, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Houston, nìkan ni wọ́kì-tọ́kì wọn kò tíì lè wọlé, nítorí pé wọ́n ti kọjá ibi tí mítà 12 lè rí. Nígbà tí a fi rédíò ọkọ̀ wáàtì 25 gbìyànjú láti iwájú ilé wọn, tí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lórí ọkọ̀, rìpítà gbọ́ wọn pẹ̀lú ìhó díẹ̀, wọ́n sì ti gbà láti gbé irú rédíò kan náà sínú ilé pẹ̀lú áńtẹ́nà tí ó kọjú sí Alief. Irin inú duplexer máa ń sún bí ooru àti òtútù bá ń yí padà, gáréèjì náà kò sì ní amúlétutù. Mo ti bá wọn ṣe àdéhùn pé ìdánwò kíka nọ́ńbà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí Sugar Land yẹn kan náà ni a ó tún ṣe nígbà òtútù oṣù Kìíní, a ó sì kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú ìwé tí ó so kọ́ sára ògiri gáréèjì.